Ìdá 30 tó kù sí wa lọ́wọ́: kí ni ká fi sínú ìlànà ẹ̀kọ́ IT ní fáṣítì wa l'Ékìtì?

Ọmọ Ìjerò

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Wọ́n ti fi mí sínú ìgbìmọ̀ tí yóò to ìlànà ẹ̀kọ́ oyè àkọ́kọ́ nínú Information Technology ní ilé ẹ̀kọ́ wa. Ẹ̀ka tuntun ni, a kò tíì gba akẹ́kọ̀ọ́ kankan wọlé. Àyè ṣì wà láti ṣe é bó ṣe yẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ pé NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn fáṣítì, gbé ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí wọ́n ń pè ní CCMAS jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, tí àwọn fáṣítì sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní 2023. Ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ti wà nínú ìwé, a ò gbọdọ̀ yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Ìdá 30 tó kù, fáṣítì kọ̀ọ̀kan ni yóò rò ó fúnra rẹ̀. Ìdá 30 yìí ni kò jẹ́ kí n sùn. Ní ìpàdé wa àkọ́kọ́, orúkọ ńláńlá là ń pè: AI, blockchain, cloud, robotics. Kò sẹ́ni tó béèrè pé ta ni yóò kọ́ wọn, orí ẹ̀rọ wo la ó ti kọ́ wọn, àti pé ọmọ tó bá kọ́ wọn tán, kí ni yóò lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ẹni tó ti gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ síṣẹ́ rí, ẹni tó ti kọ́ wọn, ẹni tó jẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, gbogbo yín ni mò ń bẹ̀.

Ẹ̀rọ Ajílòsùn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mò ń ṣe l'Adó: ilé ìwé, hòtẹ́ẹ̀lì, ilé ìwòsàn aládàáni. Mo máa ń gba ọmọ SIWES, ìyẹn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n rán jáde wá kọ́ṣẹ́ níta, lọ́dọọdún. Ẹ rántí pé IT làwọn ọmọ wa ń pe SIWES náà o, kó má lọ dàrú mọ́ yín lójú nínú ìwé tẹ́ ẹ fẹ́ kọ.

Ohun tí ojú mi ń rí rèé. Ọmọ á dé, á ka ìpele méjèèje OSI, ìyẹn àwọn ìpele tí dátà ń gbà kọjá nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, fún mi bí ẹni ń ki oríkì. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní, "Íntánẹ́ẹ̀tì ò wọ yàrá yìí, lọ wá ìdí ẹ̀," á dúró sójú kan. Kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé wáyà ló já ni, ṣé switch, àpótí tó so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀, ni kò gbaná, ṣé ẹ̀rọ náà ní àdírẹ́sì IP, ṣé DNS, tó ń sọ orúkọ ìkànnì di àdírẹ́sì IP, ni kò dáhùn? Bíi ti oníṣègùn niṣẹ́ wa, bí a ṣe ń wádìí àìsàn ló sì yẹ ká kọ́ wọn. Nínú ìdá 30 yín, ẹ fi kóòsì kan sílẹ̀ fún wíwá ìdí àbùkù nìkan. Kí olùkọ́ wọ lábù lọ́wọ́ àárọ̀ lọ ba nǹkan jẹ́, kó yọ wáyà kan, kó yí nọ́ńbà kan padà, kí àwọn ọmọ wá wọlé wá a. Kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n gbìyànjú sílẹ̀, títí kan èyí tí kò ṣiṣẹ́. Packet Tracer ti Cisco, ètò tí a fi ń ṣe àfarawé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni, láptọ́ọ̀pù lásán ń gbé e, a sì lè fi kọ́ àádọ́ta ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ó níbi tó mọ. Ọmọ tí kò bá fọwọ́ ara rẹ̀ fún orí wáyà rí, kò tíì mọ wáyà.

Èkejì ni iná. Mi ò tíì rí ìlànà ẹ̀kọ́ kan tó kà á kún, bẹ́ẹ̀ l'Ékìtì, òun gan-an nìdajì iṣẹ́. Ká ní ẹ̀rọ tí wọ́n ní kí o gbé sí ọ́fíìsì kan ń jẹ wáàtì 100, wọ́n sì fẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́wàá tí NEPA ò bá sí. Wáàtì-wákàtí 1,000 nìyẹn. Bátìrì 12V oní 100Ah kan jẹ́ 1,200 (12 lọ́nà 100) lórí ìwé, ọmọ tí kò mọ̀ á ní ó ti tó. Kò tó. Tó bá jẹ́ bátìrì olójé, kò yẹ kí o fà á kọjá ìdajì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ kú. Méjì lo máa rà. Oníbàárà tí wọ́n bá ra ẹyọ kan fún, láàárín ọdún kan á ti pariwo dé ẹnu ọ̀nà rẹ. Ìṣirò ìṣẹ́jú márùn-ún ni, kò sì sẹ́ni tó kọ́ wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́jáde Ìdó

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n Ajílòsùn. Èmi lọmọ tẹ́ ẹ̀ ń wí yẹn.

Ilé ẹ̀kọ́ tí mo lọ kò sí l'Ékìtì, mi ò sì ní dárúkọ ẹ̀. Orí bébà la ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà nígbà ìdánwò, a ó máa fi rúlà fa ìlà sábẹ́ kóòdù. Mo gba A nínú Java láì tíì rí i kí ètò kankan tí mo kọ ṣiṣẹ́ lójú mi. Sáà kan gbáko la fi kọ́ Flash, irinṣẹ́ Adobe fún àwòrán tó ń rìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020, Adobe pa Flash tì pátápátá. Gbogbo ìwé àkọsílẹ̀ mi lórí ẹ̀ kò wúlò mọ́. Ó dùn mí, torí owó àwọn òbí mi ni.

SQL, èdè tí a fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, la kọ́ ní sáà tó tẹ̀ lé e. Olùkọ́ obìnrin kan ló kọ́ wa, kò fi bẹ́ẹ̀ ní irinṣẹ́, láptọ́ọ̀pù ara ẹ̀ ló máa ń gbé wá. Títí dòní olónìí, SQL yẹn ni mò ń jẹ. Tẹ́ ẹ bá ń yan kóòsì, ẹ wo èyí tó ti pẹ́ tí kò sì kú. Orúkọ irinṣẹ́ kì í pẹ́ yí padà.

Àbẹ̀kẹ́ Dátà

Àbúrò Ìdó, òótọ́ lo sọ. Ní 1970 ni Edgar Codd tó ń ṣiṣẹ́ ní IBM kọ ìwé lórí bí a ṣe lè to dátà sínú tábìlì tó bá ara wọn tan. Lára ìwé yẹn ni SQL ti jáde, òun náà sì ni àwọn báńkì ń lò lónìí. Ohun tó ti ju àádọ́ta ọdún lọ tí kò kú, ó yẹ kó wà ní àárín gbùngbùn ìlànà ẹ̀kọ́ yín, kì í ṣe létí.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi kọ̀wé jù ni pé kí ẹ fi èdè wa sínú ìdá 30 yẹn. Mi ò sọ ọ́ nítorí àṣà nìkan. Àbùkù tí mò ń pàdé lẹ́nu iṣẹ́ ni.

Ẹ wo lẹ́tà "ọ" lásán. Ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú rẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tó fún àmì ìkọ̀wé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ó lè jẹ́ àmì kan ṣoṣo, U+1ECD. Ó sì lè jẹ́ "o" tí wọ́n wá fi àmì abẹ́, U+0323, kún. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú dátábéèsì, méjì ni. Tó bá wá di "ọ́" tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, kò tilẹ̀ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀, àkópọ̀ ni. Bí nọ́ọ̀sì kan bá fi fóònù kọ Ọmọ́wùmí lónìí, tí ẹlòmíràn bá wá fi kọ̀ǹpútà wá orúkọ yẹn lọ́la, ẹ̀rọ lè ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ṣí fáìlì tuntun. Aláìsàn kan, fáìlì méjì, àkọsílẹ̀ oògùn rẹ̀ pín sí méjì. Mo ti rí i rí, ó sì bà mí lẹ́rù.

Àtúnṣe ẹ̀ kò le. Kí wọ́n sọ gbogbo orúkọ di oríṣi kan ṣoṣo, ìyẹn NFC, kí wọ́n tó tọ́jú ẹ̀, kí wọ́n sì ní ààyè kejì tí orúkọ náà wà láìní àmì, fún ẹni tó bá ń wá a láì fi àmì sí i. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ni fún akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì. Ọmọ Èkìtì tí kò bá kọ́ ọ l'Ékìtì, níbo ni yóò ti kọ́ ọ?

Bàbá Ìyìn

Ẹ kú ọpọlọ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n mo ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìlànà ẹ̀kọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọmọ Ìjerò, kí o tó yan kóòsì kankan, mú bébà, ka lábù rẹ.

Nínú CCMAS, wákàtí 15 lẹ́kíṣọ̀ ni yúnìtì kan, tàbí wákàtí 45 iṣẹ́ àfọwọ́ṣe. Kóòsì oníyúnìtì mẹ́ta bíi COS 101, ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ti ọdún kìíní, wákàtí 30 lẹ́kíṣọ̀ ló ní, pẹ̀lú wákàtí 45 ní lábù. Ká ní ọmọ 120 lẹ gbà, kọ̀ǹpútà 30 ló sì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀wọ́ mẹ́rin nìyẹn. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan á lo wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 15, kóòsì kan ṣoṣo ti gba wákàtí 12. Bí irú kóòsì bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ mẹ́rin ní sáà kan, wákàtí 48 ni. Lábù tó ń ṣí láago mẹ́jọ àárọ̀, tó ń tì láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, láti Ajé dé Ẹtì, wákàtí 40 péré ló ní. Ẹ ò tíì dé ọ̀rọ̀ ọdún kejì, ìkẹta àti ìkẹrin tí wọ́n jọ ń lo lábù kan náà. Ẹ ò tíì yọ ọjọ́ tí kò síná.

Ibi tí irọ́ ti ń wọ inú ìlànà ẹ̀kọ́ rèé. Wọ́n á kọ iṣẹ́ àfọwọ́ṣe sínú tímútébù, olùkọ́ á wá dúró níwájú pátákó, á sọ ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ bí kọ̀ǹpútà bá wà. Mo ti bá a pàdé níbi púpọ̀, inú mi kò sì dùn sí i rí. Tó bá jẹ́ pé ọmọ 60 ni lábù yín lè gbà, ọmọ 60 ni kí ẹ gbà. Ẹ jẹ́ kí lábù ṣí di aago mẹ́wàá alẹ́ lórí iná oòrùn. Ẹ tọrọ láptọ́ọ̀pù àlòkù, ẹ fi Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows, sí i. Ẹ̀rọ tí kò lè gbé Windows tuntun mọ́ yóò ṣì gbé e.

Kí n tó lọ: ẹ má ṣe gbé aṣọ IT wọ Computer Science. Ohun tí mo ti rí lọ́pọ̀ ìgbà ni pé wọ́n á mú kóòsì Computer Science, wọ́n á yọ èyí tó le, wọ́n á ní IT nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ka Computer Science ń béèrè bí ìṣirò ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ibi tí agbára ẹ̀rọ mọ. Ẹni tó ka IT ń wo ilé iṣẹ́ kan àti àwọn èèyàn inú ẹ̀, ó ń béèrè èwo nínú àwọn irinṣẹ́ tó wà ló bá wọn mu, báwo ni a ó ṣe so wọ́n pọ̀, ta ni yóò máa tọ́jú wọn lẹ́yìn tí a bá lọ. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni, ó sì ní ìṣòro tirẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n

Mo kí Bàbá o. Kánádà ni mo wà, ṣùgbọ́n Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni wọ́n bí mi sí. Ohun tí Bàbá sọ gbẹ̀yìn yẹn bá ohun tó wà nínú IT2017 mu, ìlànà tí ACM àti IEEE Computer Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, gbé jáde ní 2017 fún oyè àkọ́kọ́ nínú IT. Ọmọ Ìjerò, ẹ kà á. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ láti orí kóòsì. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́jáde gbọ́dọ̀ lè ṣe ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì pín in sí mẹ́ta: ìmọ̀, ìmọ̀ọ́ṣe, àti ìwà. Ìwà wà níbẹ̀ gbangba: sùúrù, ìfarabalẹ̀, bí a ṣe ń bá ẹni tí kò mọ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo kà á, ara mi bù máṣọ, torí ohun tí àwọn ìyá wa ti ń sọ fún wa láti kékeré ni.

Níbẹ̀ náà, bí èèyàn ṣe ń lo ẹ̀rọ wà lára ohun tó pọn dandan, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti ààbò. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ sí Ìgbẹmọ. Kí wọ́n jókòó ti àwọn tó ń gbin ìrẹsì, kí wọ́n wo bí wọ́n ṣe ń kọ iye àpò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé wá sí ibi ìlọ̀, kí wọ́n tó ṣe ètò kankan fún wọn. Wọ́n á bá màmá kan pàdé tí kò mọ̀wé, tí fóònù oníbọ́tìnnì sì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti mọ̀ pé ètò tó rẹwà lórí iPhone kò wúlò fún màmá yẹn, pé USSD, irú kóòdù oníràwọ̀ tí a ń tẹ̀ lórí fóònù, tàbí ohùn lè dáa jù.

Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bá àgbà jà lé lórí. Ìṣirò ti pọ̀ jù. Ọmọ IT kò nílò calculus tó bẹ́ẹ̀.

Bàbá Ìyìn

Ọmọ mi, MTH 102 tó jẹ́ ti calculus wà nínú ìdá 70, ẹ ò lè fọwọ́ kàn án. Mi ò sì fẹ́ kí ẹ fọwọ́ kàn án. Ọmọ tó bá sá fún ìṣirò lọ́dún kìíní yóò sá fún un nígbà tí wọ́n bá gbé dátà ilé ìwòsàn fún un. Ibi tí mo gbà fún ọ ni pé kí ìṣirò tí ẹ bá fi kún un nínú ìdá 30 jẹ́ ti statistics, pẹ̀lú dátà gidi lórí kọ̀ǹpútà, kì í ṣe ti fọ́múlà orí pátákó.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n

Mo gbà, sà.

Tíṣà Ìkọ̀lé

Ẹ kú ìjíròrò o. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń kọ́ni, ní abúlé kan lọ́nà Ìkọ̀lé. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ dáa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ irú ọmọ tí yóò wọlé bá yín.

Láti 2015 tí JAMB ti sọ gbogbo ìdánwò UTME di ti orí kọ̀ǹpútà, àwọn kan wà nínú ọmọ tèmi tó jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ di eku kọ̀ǹpútà mú. Ọmọ tó mọ Físíìsì dáadáa o. Mo ti rí ọmọbìnrin kan tó jáde níbẹ̀ tó ń sunkún, kì í ṣe pé ìbéèrè le, kò mọ bó ṣe lè padà sí ìbéèrè tó fò. Irú ọmọ yẹn lẹ fẹ́ gbé COS 101 kà níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ti ní láptọ́ọ̀pù láti JSS1. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ẹ̀kọ́ gidi tó bẹ̀rẹ̀: títẹ kọ̀ǹpútà, fáìlì àti fódà, bí a ṣe ń kọ ímeèlì sí àgbàlagbà. Kí ó má ní máàkì, kí ojú má bàa tì wọ́n.

Ọ̀rọ̀ kejì wúwo lọ́kàn mi. Ní ìlú wa, bí ọmọkùnrin bá ti ní láptọ́ọ̀pù, àwọn èèyàn á ní "yahoo" ni. Òbí kan sọ fún mi pé òun kò ní rán ọmọ òun lọ kọ́ kọ̀ǹpútà nítorí ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí òfin di kóòsì ọdún kẹrin. Ẹ gbé Cybercrimes Act ti 2015 àti Nigeria Data Protection Act ti 2023 wá sí ọdún kìíní, kí ọmọ mọ ohun tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ àti ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹni tí dátà rẹ̀ wà lọ́wọ́ òun. Kí ẹ sì pe àwọn òbí wá gbọ́ ọ lọ́jọ́ ìgbàwọlé.

Akẹ́kọ̀ọ́jáde Ìdó

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ribiribi. Mo fẹ́ béèrè nípa ChatGPT. Láti ìparí 2022 tó ti dé, iṣẹ́ àṣetiléwá ti di ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe.

Àbẹ̀kẹ́ Dátà

Àbúrò, a ò lè lé e lọ. Ohun tí mò ń ṣe fún àwọn ọmọ abẹ́ mi níbi iṣẹ́ ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ fi Git, irinṣẹ́ tó ń pa gbogbo àyípadà mọ́, tọ́jú iṣẹ́ wọn láti ọjọ́ kìíní. Nígbà náà mo lè rí bí iṣẹ́ náà ṣe ń dàgbà lójoojúmọ́, àṣìṣe àná àti àtúnṣe òní. Iṣẹ́ tó bá dé lódindi láago méjìlá òru ọjọ́ tó kẹ́yìn, mo ti mọ̀. Lẹ́yìn náà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúkojú: "Ṣàlàyé ìlà yìí fún mi. Tí mo bá yọ ọ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀?" Ẹni tó lo AI tó sì lóye ohun tó fún un, ó ti yege lójú mi. Ó ń gba àkókò olùkọ́ o, ìdí mìíràn nìyẹn tí 60 tí Bàbá wí fi dáa ju 120.

Ọmọ Ìjerò

Mo ti ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ sí ìpàdé wa ti Ọjọ́rú. Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé.

Ibi tí a bá a dé rèé. Ìgbìmọ̀ gbà pé ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ 60. Ìṣirò lábù tí Bàbá ṣe ló ṣẹ́gun. Mo kọ ọ́ sórí pátákó, gbogbo ilé dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí Tíṣà wí ti wọlé, láìsí máàkì. Òfin ti di ti ọdún kìíní. Ní ọdún kejì, kóòsì wíwá ìdí àbùkù yóò wà, ìṣirò iná yóò wà nínú ẹ̀. Iṣẹ́ Unicode yóò wọ inú dátábéèsì, Àbẹ̀kẹ́, mo sì ti ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn títí ọ̀gá wa fi béèrè bóyá orúkọ òun náà lè di méjì. Mo kọ ọ́ fún un, ó rí i. Ìgbẹmọ yóò jẹ́ ti ọdún kẹta, ṣáájú SIWES, kí ọmọ tó lọ bá Ẹ̀rọ Ajílòsùn ti mọ bí a ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀.

A yọ blockchain. A fi robotics sí àwọn èyí tí ọmọ lè yàn bó bá wù ú, ìgbà tí olùkọ́ rẹ̀ bá dé. AI ṣì ń fa àríyànjiyàn: àwọn kan fẹ́ kó wà nínú orúkọ kóòsì kí òbí lè rí i, èmi fẹ́ kí a lò ó nínú statistics àti nínú iṣẹ́ àṣekágbá. A ó tún pàdé lórí ẹ̀.

Èyí tí a kò rí ojútùú sí ni olùkọ́ fún wíwá ìdí àbùkù. Nínú wa, kò sẹ́ni tó ti ṣe iṣẹ́ yẹn níta rí. Ìwé oyè wa pọ̀, ọwọ́ wa ni kò tíì dọ̀tí.

Ẹ̀rọ Ajílòsùn

Ọ̀gá, mi ò ní oyè kejì, n kò mọ̀ bóyá wọ́n á gbà mí gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá lè fi olùkọ́ tiyín sídìí kóòsì náà lórí ìwé, èmi á máa wá lọ́jọ́ Ẹtì láti aago méjì, mi ò ní gbowó ní sáà àkọ́kọ́. Mo ní switch àlòkù mẹ́fà àti router mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù. Méjì nínú àwọn switch yẹn ti bàjẹ́, n kò sì ní tún wọn ṣe kí n tó gbé wọn wá.

Tíṣà Ìkọ̀lé

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọ SS2 mẹ́wàá lè wá wo lábù yẹn nígbà tó bá ṣí? Èmi á wá owó ọkọ̀ wọn.

Ọmọ Ìjerò

Ẹ̀gbọ́n Ajílòsùn, mo ń pè yín lórí fóònù báyìí. Tíṣà, ọjọ́ Àbámẹ́ta ló dáa jù, lábù kì í kún. Ẹ mú ọmọbìnrin tẹ́ ẹ sọ yẹn dání tó bá ṣì wà nítòsí.